Ẹgbẹ́ eré wa ti fọ́nká: áàpù wo ni ká fi máa ṣe D&D láti Ifẹ̀?

Àdùkẹ́_Lágere

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣe D&D (Dungeons & Dragons, eré ìtàn tí kálukú ti ń ṣe ẹnì kan nínú ìtàn, tá a sì ń ju dáìsì) tàbí irú eré bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Èmi ni DM ẹgbẹ́ wa, ìyẹn ẹni tó ń darí ìtàn. Pálọ̀ kan ní Mayfair la ti máa ń ṣeré lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni mo máa ń ya máàpù sí, ìdérí kóòkì ni jagunjagun, ìdérí bíà sì ni ọ̀tá. Ní báyìí, ọ̀kan nínú wa ti di àgùnbánirọ̀ ní Ìlọrin, ọ̀kan ti lọ kàwé sí i ní Toronto, àwa mẹ́ta ló kù sí Ifẹ̀. Bí aago mẹ́jọ alẹ́ bá lù níbí, aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán ni lọ́dọ̀ ti Toronto, nítorí náà àkókò ò níṣòro. Ẹ̀rọ tá a máa fi ṣeré gan-an ni ìṣòro.

Ifẹ̀ àtijọ́ ni ìtàn tí mò ń darí, nígbà tí àwọn Ugbò ń wọ̀lú kó wa lẹ́rú. Gbogbo wa la mọ ìtàn Mọremí, gbogbo wa la sì mọ̀ pé iná ló ṣẹ́gun àwọn tó fi ìko bora yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e sí àárín òjò, kí ògùṣọ̀ má lè ràn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi ní láti wá ibi tí igi gbígbẹ wà kí àwọn Ugbò tó dé. Ẹ wá wò ó: bí mo bá fi máàpù ránṣẹ́ lórí WhatsApp, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n á rí lẹ́ẹ̀kan náà, àti ibi tí igi wà, àti ibi tí ọ̀tá ba sí. Kí ló wá kù nínú eré? Mo fẹ́ ohun tí màá fi bo máàpù, kí n máa ṣí i díẹ̀díẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù mi, RAM 4GB ni. Ẹni tó wà ní Ìlọrin, fóònù nìkan ló ní. Iná náà, ẹ mọ bó ṣe ń ṣe. Mo ń gbọ́ Roll20, mò ń gbọ́ Foundry, mò ń gbọ́ Fantasy Grounds. Èwo ni kí n mú? Owó dọ́là sì ń bà mí lẹ́rù o.

Ẹ̀gbọ́n_Òkèsà

Àbúrò mi, mo kí ọ láti Iléṣà. Ìtàn tó o gbé kalẹ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú.

Kó o tó béèrè èyí tó dára jù, béèrè ibi tí eré náà ń gbé. Roll20, tó ti wà láti 2012, orí ẹ̀rọ àwọn tó ni ín ló ń gbé. Wàá gbé máàpù síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kálukú á wá fi dátà tirẹ̀ fà á. Bí iná bá lọ nílé rẹ, yàrá eré ṣì wà níbẹ̀, àwọn tó kù ṣì ń wo máàpù títí wàá fi padà dé. Foundry tó jáde ní 2020 kò rí bẹ́ẹ̀. Inú láptọ́ọ̀pù rẹ ló ń gbé. Dọ́là 50 ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa san án, ẹni tó ń darí nìkan ló sì ń rà á. Búráúsà lásán ni àwọn tó kù fi ń wọlé. Ẹ lè dáwó jọ rà á. Àmọ́ tí láptọ́ọ̀pù rẹ bá kú, eré kú. Ọ̀dọ̀ rẹ náà sì ni máàpù ti ń lọ bá oníkálukú: tó bá jẹ́ MB 8, tí ẹni méjì wà lókèèrè, MB 16 ti bá dátà rẹ lọ kí ẹnikẹ́ni tó ju dáìsì.

Ohun tí àwọn fídíò orí YouTube kì í sọ fún àwa tá à ń lo dátà SIM nìyí. Wọ́n á ní kó o ṣí port 30000, ìyẹn ilẹ̀kùn orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ, kí àwọn ará ìta lè wọlé sínú Foundry rẹ. Ọ̀pọ̀ wa níbí, àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan náà ni àwa àti ogunlọ́gọ̀ oníbàárà míì jọ ń pín lò, kò sí ilẹ̀kùn tó jẹ́ tìrẹ nìkan tó o lè ṣí. Wàá ṣí i títí, kò sẹ́ni tó máa rí ọ. Tailscale tàbí ZeroTier ló ń yanjú ẹ̀: gbogbo yín á gbé e sórí ẹ̀rọ yín, àwọn ẹ̀rọ náà á wá máa ríra bí ẹni pé inú ilé kan ni gbogbo yín wà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú Foundry rèé, ẹ̀yin mẹ́ta tẹ́ ẹ wà ní Ifẹ̀ ló sì kàn. Kí ẹnì kan tan hotspot fóònù rẹ̀, kó pa dátà pátápátá, kí láptọ́ọ̀pù àti àwọn tó kù wọ orí ẹ̀. Foundry á gbé línkì kan wá tó sábà máa ń fi 192.168 bẹ̀rẹ̀, tí 30000 wà ní ìparí ẹ̀. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ sí búráúsà, wọ́n ti wọlé. Ẹ lè ṣeré mọ́jú, kò sí báìtì dátà kan tó máa jáde. Bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn nígbà ìsinmi, tẹlifísọ̀n la so mọ́ láptọ́ọ̀pù kejì kí gbogbo wọn lè máa wo máàpù.

Ṣùgbọ́n Foundry ò bá fóònù mu. Ojú fóònù kéré jù fún un. Torí àgùnbánirọ̀ yín yẹn, fi í sílẹ̀ ná.

Tísà_Modákẹ́kẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Àdùkẹ́, Owlbear Rodeo ni kẹ́ ẹ lò. Orí búráúsà ló wà, èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí fóònù. Ìwọ ni wàá ṣí àkáǹtì. Fi línkì ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á wọlé. Kò mọ òfin eré kankan o. Kò ní bá yín ṣírò ẹ̀mí tó kù lára ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ ni kò ní sọ bóyá idà wọlé tàbí kò wọlé. Bírò àti pépà yín ló máa ṣe ìyẹn. Máàpù, token (àmì tó dúró fún jagunjagun tàbí ọ̀tá), fog tẹ́ ẹ máa fi bo ilẹ̀, dáìsì, ó tán.

Ẹ fi ohùn sórí ìpè WhatsApp, kẹ́ ẹ pa fídíò.

Má ya máàpù ràgàjì. Ojú kan, ìyẹn àpótí kékeré kan lórí máàpù, dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 5. Tó o bá ní ojú 30 ní ìbú àti 20 ní òró, tí ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ píksẹ́lì 70, àwòrán 2100 sí 1400 lo ní yẹn. Fi í pamọ́ ní JPEG, kì í sábà kọjá MB 1. PNG á wúwo jù. Tó o bá sì fẹ́ fi Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn sí i, gíga ẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 18 lóòótọ́, àmọ́ òkè la ti ń wo máàpù, ojú kan péré ló máa gbà.

Alálọ̀ọ́_Ifẹ̀

Èmi ò fara mọ́ áàpù kankan. Àwọn ìyá wa pa àlọ́ fún wa nínú òkùnkùn, a rí Ìjàpá, a rí igbó, a rí odò, kò sẹ́ni tó yàwòrán fún wa. Ohùn nìkan ló yẹ kẹ́ ẹ lò. Mo ti wà nínú ẹgbẹ́ tó ń lo máàpù orí ẹ̀rọ. Ohun tí mo rí ni pé àwọn èèyàn ò bi DM mọ́ pé òórùn kí ló ń rùn, wọn ò bi í pé ta ló ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri. Wọ́n kàn ń ka ojú ilẹ̀: mo lè rìn mẹ́fà, ọ̀tá wà ní méje. Àdùkẹ́, ìtàn rẹ dára ju ohun tá à ń kà bí ẹní ń ka owó lọ.

Àdùkẹ́_Lágere

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Owlbear la lò, a sì ti ṣe é.

Alálọ̀ọ́, mo ro ọ̀rọ̀ yín dáadáa. Ohun tí mo ṣe ni pé mo bo gbogbo máàpù, mo sì kọ́kọ́ ń sọ ohun tí wọ́n gbọ́ àti ohun tí wọ́n gbóòórùn, kí n tó ṣí ojú kankan. Ẹni tí ò bá béèrè, mi ò ṣí i fún un. Síbẹ̀ mi ò lè fi máàpù sílẹ̀, nítorí ilẹ̀ Ifẹ̀ fúnra ẹ̀ wà lára ìtàn náà. Mo ya ilẹ̀ tí wọ́n fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́, bí wọ́n ṣe tò ó gan-an: àfọ́kù náà dúró lórí etí, ọ̀wọ́ kan dagun sọ́tùn-ún, ìkejì dagun sósì, òkúta wẹ́wẹ́ funfun sì wà láàárín wọn. Ìtàn ní Lúwo, Ọọ̀ni obìnrin, ló ní kí wọ́n tẹ́ ẹ. Mo pa àsìkò pọ̀, torí eré ni, mo sì fẹ́ kí ẹni tó wà ní Toronto mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ jagunjagun ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ igbó, mo ní wọ́n ń gbọ́ ìró ohun gbígbẹ tó ń ha nǹkan nínú òjò. Wọ́n ní kí ló lè gbẹ nínú irú òjò yìí? Mo ṣí ojú mẹ́ta. Ìko dúró níbẹ̀. Àgùnbánirọ̀ wa pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí onílé ẹ̀ fi wá kanlẹ̀kùn.

Iná lọ ní Lágere lágbedeméjì eré. Fóònù ni mo fi wọlé padà, mo bá wọn lórí máàpù, wọ́n ń bára wọn jiyàn ibi tí igi gbígbẹ lè wà. Ti Toronto ló sọ ọ́: “Orí àjà ilé ìdáná! Ibẹ̀ ni màmá àgbà máa ń to igi sí kí èéfín lè máa gbẹ ẹ́.” Ẹ̀yìn ààfin ní Ẹnuwá ni mo fi ilé ìdáná náà sí, lábẹ́ fog, mi ò sì tíì ṣí i fún wọn rí. Ó kàn mọ̀ ni. Mo ní kó ju dáìsì olójú 20. Ó jù ú, 17 jáde, gbogbo ilé hó.

Ẹ̀gbọ́n Òkèsà, ti Foundry yín ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Tí gbogbo wa bá padà pàdé ní Ifẹ̀ lọ́dún, hotspot tí kò ní dátà yẹn la máa lò.

Tísà_Modákẹ́kẹ́

O ṣeun tó o padà wá jábọ̀. Kọ ìtàn yìí sílẹ̀, kó o gbé e jáde. SRD 5.1, ìpìlẹ̀ òfin D&D, ti wà lábẹ́ Creative Commons láti oṣù kìíní 2023. O lè lò ó, o tiẹ̀ lè tà á, kó o ṣáà ti kọ ibi tó o ti mú òfin náà síbẹ̀ bí ìwé àṣẹ wọn ṣe ní kó o kọ ọ́.

Àdùkẹ́_Lágere

Mo ti ń kọ ọ́, sà. Máàpù Ẹnuwá àti ti ẹ̀gbẹ́ igbó ti wà ní JPEG, àwọn méjèèjì ò tó MB 2. Ẹni tó bá fẹ́ wọn kó kọ “mo fẹ́” sábẹ́ ibí, màá fi línkì ránṣẹ́.