Fíríjì ni ká kọ́kọ́ rà, àbí ká kọ́ èèyàn níṣẹ́?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ yunifásítì ni mí nílẹ̀ Ìjẹ̀bú níbí. A fẹ́ máa ṣèwádìí àrùn tó ń ràn, bí onígbáméjì àti ibà Lassa, lọ́dọ̀ àwọn ará Ìdí-Ìrókò àti Ìmẹ̀kọ, níbi tí ọ̀kadà ti ń gba ọ̀nà oko sọdá sí orílẹ̀-èdè Benin. Owó ọwọ́ wa kò pọ̀.

Mo rò ó pé ká ra fíríjì tó ń tutù dé -80°C, ká lè máa tọ́jú ohun tá a bá gbà lára àwọn èèyàn fún àyẹ̀wò, àmọ́ iná ńkọ́? Epo jẹnẹrétọ̀ nìkan á jẹ owó náà tán! Mo tún rò ó pé ká kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ fún ìwádìí, ká máa kó wọn lọ sí ACEGID, ibùdó ìwádìí àbùdá kòkòrò àrùn ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ la ó máa kó wọn lọ, ìgbà wo làwa náà máa wá mọ àyẹ̀wò ọ̀hún ṣe?

Èwo ni ká kọ́kọ́ náwó lé? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí gígùn ọ̀rọ̀ mi sú yín. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.