Gbígba ilẹ̀ onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà: òfin ìpínlẹ̀ wo ló ká ìjọba lọ́wọ́ kò lóòótọ́?

Akọ̀wéÒfin:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àtúnṣe Karùn-ún nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà sọ pé ìjọba kò gbọdọ̀ gba dúkìá aládàáni fún ìlò ará ìlú láìsan owó gbà-má-bínú tó tọ́. Síbẹ̀, ní ọdún 2005, nínú ẹjọ́ onílé kan tó ń jẹ́ Kelo àti ìlú New London ní ìpínlẹ̀ Connecticut, adájọ́ 5 nínú 9 ní ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ gbà pé ìlú lè gba ilé onílé kí wọ́n sì gbé ilẹ̀ náà lé aládàáni mìíràn lọ́wọ́, tí ìyẹn bá ti lè mú iṣẹ́ àti owó orí pọ̀ sí i. Ìpínlẹ̀ tó lé ní 40 ló tún òfin wọn ṣe lẹ́yìn náà. Èwo ló dúró gbọn-in nínú wọn, èwo ló jẹ́ ariwo lásán? Tí lẹ́tà ìjọba bá sì tẹ onílé lọ́wọ́, kí ni kó kọ́kọ́ ṣe?

Agbẹjọ́ròIlẹ̀:
Ohun tí òfin bá sọ nípa àdúgbò tó ti bàjẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn ò ní torí ọrọ̀ ajé gba ilẹ̀ mọ́, àmọ́ wọ́n yọ àdúgbò tó bàjẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ lọ́nà tó gbòòrò débi pé ilé tó kàn gbó díẹ̀ lè bọ́ sínú ẹ̀. Láti 1954 ni àyè yẹn ti ṣí, nígbà ẹjọ́ Berman àti Parker ní Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà. Ṣọ́ọ̀bù ńlá tí wọ́n fẹ́ gbà kò ní àléébù kankan. Àdúgbò tó wà ni wọ́n ló bàjẹ́. Ilé ẹjọ́ ní àdúgbò lódindi ni ìjọba ń tún ṣe, wọn ò ní máa wo ilé kọ̀ọ̀kan. Òfin tó bá fi àyè yìí sílẹ̀ kò tíì dí nǹkan kan.

Florida dí i. Láti 2006, pé àdúgbò bàjẹ́ kò tó láti gba ilẹ̀ níbẹ̀ mọ́, ilẹ̀ tí ìjọba bá sì gbà kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ aládàáni mìíràn kí ọdún 10 tó pé, àfi nínú ìwọ̀nba nǹkan tí òfin kà sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni pé tí ìjọba ò bá nílò ilẹ̀ náà mọ́, kó kọ́kọ́ fi lọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ní iye tó san fún un. Ní New London ńkọ́? Ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer, tí wọ́n gbé ètò náà kalẹ̀ láti bá lọ, kéde ní 2009 pé àwọn ń kúrò nílùú, ilẹ̀ tí wọ́n wó ilé orí ẹ̀ sì wà lófìfo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó dùn mí pé àwọn tó nilé níbẹ̀ ò ní irú ẹ̀tọ́ yìí.

Ní Michigan, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ìpínlẹ̀ náà gbà ní 1981 kí Detroit wó àdúgbò Poletown fún General Motors, ó sì yí ìdájọ́ yẹn padà ní 2004 nínú ẹjọ́ Hathcock. Tí ilẹ̀ yóò bá bọ́ sọ́wọ́ aládàáni báyìí, ó di dandan kó jẹ́ pé iṣẹ́ náà ò ṣeé ṣe láìjẹ́ pé ìjọba bá wọn gba ilẹ̀, bí ojú irin. Tàbí kí ìjọba ṣì máa mójú tó bí wọ́n ṣe ń lo ilẹ̀ náà. Tàbí kó jẹ́ ipò tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ wà ló fa á tí wọ́n fi gbà á. Ní 2006, àwọn olùdìbò fi kún ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà pé tí ìjọba bá ní dúkìá kan bàjẹ́, òun ni yóò fi ẹ̀rí tó dájú hàn. Ilé tí èèyàn ń gbé gan-an, owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 125% iye tó ń lọ lọ́jà.

Adíyelé:
Owó lẹ̀ ń gbé sẹ́yìn yẹn. Iye ọjà túmọ̀ sí iye tí ẹni tó wù láti rà yóò san fún ẹni tó wù láti tà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò wu onílé yìí láti tà rárá. Ká ní ìjọba kọ́kọ́ pè é ní $200,000, tí ilé ẹjọ́ wá gbé e dé $300,000. Níbi tí òfin ò bá ti dá sí owó agbẹjọ́rò, ìdá kan nínú mẹ́ta $100,000 tó gorí ẹ̀ lè bá agbẹjọ́rò lọ. Florida ní kí ìjọba san án lọ́tọ̀: 33% èrè náà títí dé $250,000, 25% lórí èyí tó kọjá ìyẹn títí dé mílíọ̀nù kan dọ́là, lẹ́yìn náà 20%. Èyí máa ń jẹ́ kí ìjọba pe iye tó dáa láti ìbẹ̀rẹ̀, torí bó bá ṣe rẹ́ ẹ jẹ tó ni yóò ṣe san tó.

Tó bá jẹ́ etí ilẹ̀ ni wọ́n gé láti fẹ títì, ẹ má gbà kí wọ́n ka ẹsẹ̀ bàtà ilẹ̀ nìkan. Ṣọ́ọ̀bù tí ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ ti lọ, ìyókù rẹ̀ ti jábọ́ níye, owó ìyẹn náà gbọ́dọ̀ wọlé.

Agbẹjọ́ròIlẹ̀:
Òótọ́ ni Adíyelé sọ. Ní ti lẹ́tà, mo fi California ṣe àpẹẹrẹ. Kí ìjọba tó gbé ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, ìgbìmọ̀ wọn ní láti fi ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò pinnu pé àwọn nílò ilẹ̀ náà. Wọn yóò fi lẹ́tà ìpàdé náà ránṣẹ́ sí onílé. Láàárín ọjọ́ 15 sí ọjọ́ tí wọ́n fi í ránṣẹ́, kó kọ̀wé padà pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Tí ọjọ́ bá kọjá, ẹ̀tọ́ yẹn ti bọ́. Kó gba adíyelé tirẹ̀, ìjọba yóò dá owó rẹ̀ padà títí dé $5,000.

Akọ̀wéÒfin:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Owó tí ìjọba máa ń fi pamọ́ fún onílé ṣáájú ìdájọ́ kí wọ́n lè tètè wọ ilẹ̀ ńkọ́? Ṣé onílé lè máa ná an bí ẹjọ́ ṣe ń lọ?

Agbẹjọ́ròIlẹ̀:
Ó lè gbà á, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù. Ní California, ẹni tó bá ti mú owó yẹn kò lè jiyàn mọ́ pé ìjọba ò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ilẹ̀ òun. Kìkì pé owó náà kéré ló kù tó lè sọ. Tó bá jẹ́ ilé rẹ̀ ló fẹ́ dá dúró, kó má fọwọ́ kan owó náà títí ilé ẹjọ́ yóò fi dájọ́ lórí ẹ̀tọ́ yẹn.