Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí MCPDP (ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀ranyàn fáwa nọ́ọ̀sì): mo ti rí i ṣe
Ẹ kú àdúrótì o. Mo béèrè lọ́jọ́sí bóyá a lè rí MCPDP tó dá lórí oògùn ṣe ní Adó-Èkìtì, kí n má baà lọ Àkúrẹ́ torí àtitún láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì mi ṣe. Ó wà, mo ti ṣe é.

Ọ̀rọ̀ magnesium sulphate fún aláboyún tí gìrì mú ló wọ̀ mí lára jù: ká tó tún fún un ní òmíràn, ká ka èémí rẹ̀, kó má dín ní 16 ní ìṣẹ́jú kan; ká fi òòlù kan orúnkún rẹ̀ wò bóyá ẹsẹ̀ á ta; ká wọn ìtọ̀. Kí calcium gluconate, oògùn tó ń pa agbára rẹ̀ bó bá pọ̀ jù lára, wà nítòsí.

Wọ́n tún kọ́ wa nípa insulin, oògùn àtọ̀gbẹ: ẹ má kọ “U” (ìyẹn “unit”) sídìí iye rẹ̀ mọ́. 4U lè di 40 lójú ẹlòmíì. (Ẹ̀yin dókítà, ẹ ń gbọ́?)

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin màtírọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ júwe ibẹ̀ fún mi. Mo ti pa ìbéèrè náà dé.