Ṣọ́ọ̀bù Èkó ní kí n ṣe ọṣẹ dúdú olómi, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Àṣàkẹ́ Alọ́ṣẹ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, ọṣẹ dúdú àti òrí ni mò ń tà, iṣẹ́ tí mo bá lọ́wọ́ ìyá mi ni. Èèpo kòkó àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà la máa ń sun. A ó da omi sórí eérú rẹ̀, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì fi omi náà se àdín títí yóò fi di ọṣẹ. Odidi ni mò ń tà, mo máa ń wé e sínú ọ̀rá.

Ṣọ́ọ̀bù kan l'Ékòó ti ní àwọn fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ mi. Àmọ́ olómi ni wọ́n ń fẹ́, nínú ìgò tí a ń tẹ̀ lórí, kí ó sì lè wà lórí àtẹ fún ọdún kan. Wọ́n tún ní kí n ṣe ìpara òrí tó ní omi aloe vera nínú.

Ohun méjì ló ń dà mí láàmú. Ẹnì kan ní kí n fi ohun tí kì í jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì mi ni pé "kò sí kẹ́míkà." Ṣé mi ò ní di onírọ́? Lẹ́yìn náà, wọ́n ní àwọn oníbàárà wọn ń béèrè èyí tó ń mú ara pupa, pé àwọn yóò fún mi ní ìpara kan kí n máa pò mọ́ ọn. Owó tí wọ́n dárúkọ pọ̀ gan-an. Ẹ dákun, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Alákàrà Ọṣẹ:
Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ọṣẹ odidi ń pẹ́ nítorí omi inú rẹ̀ kò pọ̀. Bí o bá ti fi omi lù ú, pàápàá tí o bá tún fi oyin tàbí oje ewé sí i, ó lè bu. Ọṣẹ eérú máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìdí nìyẹn tí èyí tí a kò wé fi ń rọ̀. Nítorí náà, má dẹ́kun àtiwé e.

Kí o tó dì í, fi bíńtín kan ahọ́n. Bó bá ta ọ́, omi eérú ṣì kù nínú rẹ̀ tí àdín kò tíì gbà tán. Dá a padà sórí iná, kí o fi àdín kún un. Awọ ọmọdé kì í gba irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀.

Délé, Ìbàdàn:
Yọ "kò sí kẹ́míkà" kúrò. Omi eérú tí ẹ fi ń se ọṣẹ, potash ló wà nínú rẹ̀, kẹ́míkà ni. Kọ gbogbo ohun tí o fi ṣe é síbẹ̀, oníbàárà yóò fi ojú ara rẹ̀ kà á.

Òrí àti àdín nìkan, tí omi kò kàn, kò nílò ohun tó ń lé ìbàjẹ́. Fítámì E kì í pa kòkòrò, òróró ló ń bá ọ ṣọ́ kí òórùn rẹ̀ má yí padà. Ṣùgbọ́n ìpara tó bá ní aloe vera, omi ti wọ̀ ọ́, dandan ni kí o fi nǹkan sí i. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń kọsẹ̀ nìyí: potassium sorbate àti sodium benzoate, méjì lára ohun tó ń lé ìbàjẹ́, kì í ṣiṣẹ́ dáadáa àyàfi nínú ohun tó kan díẹ̀. Ọṣẹ dúdú kì í kan, pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n kíkan, bó bá ṣe ga sí ni kíkan ń dín kù) máa ń tó 9 sí 10, nítorí náà wọn kò wúlò fún ọṣẹ olómi. Phenoxyethanol ló bá a mu, kí ó má ju 1% lọ. Fi òṣùwọ̀n kékeré wọ̀n ọ́n, má fi ṣíbí bù ú.

Nọ́ọ̀sì Ẹlẹ́wà:
Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́ pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi, má gba ìpara yẹn. Ìpara abóra tí wọn kò kọ ohun inú rẹ̀ lè ní hydroquinone, máákúrì tàbí steroid. Hydroquinone tí a bá lò pẹ́ lè mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ dúdú bí aró, kó má sì lọ mọ́. Máákúrì ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè ran ọmọ tí ìyá ń gbé mọ́ra. Steroid ń mú kí awọ fẹ́lẹ́, egbò kì í tètè jinná. Àdéhùn Minamata, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí máákúrì, kọ́kọ́ ní kí wọ́n fòpin sí ìpara tí máákúrì inú rẹ̀ ju ìpín kan nínú mílíọ̀nù (1 ppm) lọ ní ọdún 2020, wọ́n sì ti mú un gbòòrò láti ọdún 2025 dé orí gbogbo ìpara tí wọ́n bá fi máákúrì sí. NAFDAC pẹ̀lú kò fàyè gbà á. Orúkọ rẹ ló wà lára ìgò, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù.

Kí o sì má sọ pé ọṣẹ rẹ ń wo àrùn kankan. Ọṣẹ ìwẹ̀ ni. Ẹni tó bá ní làpálàpá tí kò lọ, ní kó lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọmọ Ṣakí:
Fún òrí: lẹ́yìn tó bá yọ́, má jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀, gbé e sínú fíríìjì kó tètè dì. Bó bá lọ́ra, yóò di bíńtín-bíńtín bíi gàrí. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tó ń ṣe é ní apá Ṣakí níbí ni kí o ti rà á. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2025 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá kíkó èso ẹmi tí a kò tíì fi ṣe òrí lọ sí òkè òkun dúró fún oṣù mẹ́fà, ọ̀rọ̀ òrí ti yí padà lọ́dọ̀ wa, béèrè iye rẹ̀ kí o tó dá owó lé e.

Àṣàkẹ́ Alọ́ṣẹ:
Ẹ ṣé gan-an, Mà. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti pe ṣọ́ọ̀bù náà, mo ní mi ò gba ìpara yẹn. Wọ́n ní ó dáa, pé kí n mú èyí tó jẹ́ tèmi wá. Ṣé ó pọn dandan kí n ní nọ́ńbà NAFDAC kí n tó gbé e lọ?

Délé, Ìbàdàn:
Ó pọn dandan. Kọ́kọ́ fi orúkọ òwò rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, kí o wá lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC ìpínlẹ̀ rẹ. Béèrè ẹ̀ka tó ń ran àwọn oníṣòwò kéékèèké lọ́wọ́. Má ṣe é nínú ilé ìdáná tí ẹ ti ń se ọbẹ̀, wá yàrá kan sọ́tọ̀.

Ìyá Alákàrà Ọṣẹ:
Kí o tó sọ fún wọn pé ó lè pẹ́ ọdún kan, rọ díẹ̀ sínú ìgò, kọ ọjọ́ tí o dì í sára ìkọ̀ọ̀kan. Gbé àwọn kan síbi tí oòrùn ń dé, gbé àwọn kan síbi tútù, kí o máa ṣí wọn wò lóṣooṣù. Èyí tí òórùn rẹ̀ bá yí padà ni yóò sọ iye oṣù tí o lè kọ sára ìgò.