Ojú mi pọ́n, ìtọ̀ mi dúdú: báwo ni kí n ṣe tọ́jú ara mi nílé?

Télọ̀ Abẹ́òkúta
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ ọdún 36 ni mí, iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, oníbàárà mi kan wò mí lójú, ó ní, "Àǹtí, ojú yín ti pọ́n bí pupa ẹyin!" Mo ti ń rí i tẹ́lẹ̀ pé ìtọ̀ mi dúdú bí tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí, mo rò pé oòrùn ni. Oúnjẹ ń rùn sí mi, ó sì ń rẹ̀ mí ṣáá. Nílé ìwòsàn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní Hepatitis B ni, pé ẹ̀dọ̀ mi wú. Wọ́n ní kí n lọ sinmi nílé, kí n máa wá fún àyẹ̀wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ti wá tọ́jú mi, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rẹ èèpo àwọpa àti ìbẹ́pẹ dúdú sínú omidun, ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ fẹnu kan epo. Wọ́n tún so òwú pupa mọ́ etí kọ́ọ̀pù mi kí àwọn ọmọ má baà fi mu omi. Lóru, ara ń yún mi débi pé rúlà tí mo fi ń wọn aṣọ ni mo fi ń họ ẹ̀yìn. Ṣé kí n mu àgbo yẹn? Ṣé lóòótọ́ ni kọ́ọ̀pù lè kó o ran àwọn ọmọ mi?

Bàbá Ìjẹ̀bú
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Àwọpa ni ìyá mi fún mi nígbà tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ mú mi ní kékeré, ara mi sì yá. Ẹ mu ún, ẹ má ṣáà fi ọtí rẹ ẹ́.

Ìyá Ìbejì
Bàbá, mo kúnlẹ̀ o. Àbúrò mi ọkùnrin mu àgbo oríṣi mẹ́ta pọ̀, ọ̀kan nínú wọn wà nínú ọgógóró. Ojú rẹ̀ tún pọ́n sí i, ikùn rẹ̀ wú. Nígbà tí dókítà bi wá pé kí ló wà nínú ìgò yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Àǹtí télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ife yẹn sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú ara líle, àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń pọ́n yẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbó bá kú nínú ara, ohun kan tó pọ́n máa ń ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń kó o sínú òróòro, tó fi ń gba inú ìfun jáde. Tí ẹ̀dọ̀ bá wú, kò ní lè kó o mọ́, yóò wá yà sínú ojú àti ìtọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìgbẹ́ àwọn mìíràn fi máa ń funfun. Kì í ṣe ìdọ̀tí tí àgbo lè fọ̀. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti ń sàn ni yóò máa lọ. Bàbá, ó ṣeé ṣe kí ara yín ti lé tiyín lọ fúnra rẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀dọ̀ ló máa ṣiṣẹ́ lórí àgbo náà, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

Ẹ má fẹnu kan ọtí rárá. Tí ara bá ń ro yín, ẹ bi dókítà kí ẹ tó lo Paracetamol. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ kó ju hóró 4 oní-mílígíráàmù 500 lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ yàgò fún Ibuprofen.

Epo kì í ṣe èèwọ̀. Bí ó bá ń rìndọ̀ sí yín, ẹ dín in kù. Ẹ jẹ díẹ̀ díẹ̀ léraléra: ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ẹja, ẹyin, ìrẹsì. Òwúrọ̀ ni oúnjẹ sábà máa ń wọlé jù, ẹ fi ìyẹn jẹun dáadáa. Gúlúkóòsì tí wọ́n máa ń rà fún aláìsàn kò wo ẹ̀dọ̀ sàn.

Ní ti yíyún, omi tútù díẹ̀ ni kí ẹ fi wẹ̀, ẹ fi òrí pa ara, ẹ wọ aṣọ òwú tó fẹ̀, ẹ gé èékánná. Ẹ gbé rúlà yẹn jìnnà.

Kọ́ọ̀pù kò ran Hepatitis B, bẹ́ẹ̀ ni àwo àti dídì mọ́ra kò ràn án. Ẹ̀jẹ̀ àti ìbálòpọ̀ ló ń ràn án, àti ìyá sí ọmọ nígbà ìbí. Abẹ ìfárí, abẹ ìgé-èékánná àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni kí ẹ yà sọ́tọ̀. Kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ wọ inú àjẹsára ọmọdé ní Nàìjíríà, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ọkọ yín má tíì gbà á.

Tí orí yín bá ń dà rú, tí ẹ bá ń sùn lọ́sàn-án tí ojú ń là lóru, tí ẹ bá ń bì láìdáwọ́ dúró, tí ẹ̀jẹ̀ ń ti erìgì jáde tàbí tí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Télọ̀ Abẹ́òkúta
Ẹ ṣeun púpọ̀, nọ́ọ̀sì. Ṣé yóò wà lára mi títí ayé ni?

Nọ́ọ̀sì Ògbómọ̀ṣọ́
Tó bá jẹ́ pé àìpẹ́ yìí lẹ kó o, ara ọ̀pọ̀ jù lọ àgbàlagbà máa ń lé e kúrò. Lẹ́yìn oṣù 6, ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe. Bó bá ṣì wà, oògùn wà tí ń ká a lọ́wọ́ kò.

Télọ̀ Abẹ́òkúta
Ẹ̀yin ará, mo padà wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, ìtọ̀ mi ti ń mọ́, ojú ṣì pọ́n díẹ̀. Ọkọ mi kò ní in, ó ti gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, èkejì di oṣù tó ń bọ̀. Mo ka gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì kọ sí Màmá létí. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọn ò tíì tú òwú náà, ṣùgbọ́n lánàá, kọ́ọ̀pù yẹn gan-an ni wọ́n fi bu omi mu.