Làpálàpá, oówo àti máàtì ìjàkadì: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Kóòṣì Àwọn Ọ̀dọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin oníjàkadì, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùtọ́jú gbọ̀ngàn. Ọ̀rọ̀ máàtì ni mo gbé wá, nítorí ó ń ká mi lára bí mo ṣe ń rí àwọn ọmọ tí awọ ara wọn kì í sinmi.

Nínú ẹgbẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń nu máàtì, síbẹ̀ làpálàpá ò kúrò lára àwọn ọmọ. Bó bá san lọ́rùn ẹnìkan, á yọ lápá ẹlòmíì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo dúró ti ẹni tó ń nù ún, mo ń wò ó. Ó da apakòkòrò sómi, ó ki mọ́ọ̀pù bọ̀ ọ́, ó nù ún, ó sì fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀ kí ilẹ̀ lè gbẹ káwọn ọmọ tó dé. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Apakòkòrò ní iye àkókò tó gbọ́dọ̀ fi wà ní tútù lórí máàtì kó tó lè ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti kọ ọ́ sára ike rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó fún àwọn kan, ọ̀pọ̀ ń fẹ́ ìṣẹ́jú 10. Tẹ́ ẹ bá nù ún kúrò kó tó pé, òórùn rẹ̀ nìkan lẹ fi sílẹ̀.

Èkejì ni pé wọn kì í kọ́kọ́ fọ ìdọ̀tí kúrò. Òógùn, irun, eruku, awọ ara tó ti kú, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí máàtì. Bí apakòkòrò bá bá wọn níbẹ̀, ara wọn ni agbára rẹ̀ ń tán sí. Ẹ gbá a, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá da apakòkòrò sí i. Ẹni tó ń nù ún, ẹ̀yìn ni kó máa rìn lọ, kó má baà fi bàtà tẹ ibi tó ti nù. Orí mọ́ọ̀pù náà, ẹ máa fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ sì sá a gbẹ. Mọ́ọ̀pù tó sùn sínú korobá olómi dídọ̀tí mọ́jú, kòkòrò ló máa ń pín kiri.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì tó sábà ń fa làpálàpá àwa oníjàkadì, Trichophyton tonsurans, lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ oṣù níta ara ènìyàn. Kò kánjú. Nígbà tá a yí ọ̀nà tá à ń gbà ṣe é padà, làpálàpá dín kù gidi, àmọ́ kò tán pátápátá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi yín pé kí lẹ̀yin náà ti rí?

Oníjàkadì Kékeré

Ẹ kú iṣẹ́, Kóòṣì. Tèmi kì í ṣe làpálàpá, oówo ni. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ibi tí kòkòrò bu ènìyàn jẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún. Kó tó di ọjọ́ kejì ó ti pọ́n, ó gbóná, ó sì le débi pé mi ò lè ká ẹsẹ̀. Oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi kò ràn án rárá. Dókítà wá là á, ó fa ọyún jáde, ó sì fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. MRSA ni wọ́n pè é, ìyẹn irú bakitéríà Staphylococcus aureus tí ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n máa ń fi pa á kò ràn mọ́.

Ohun tó dùn mí ni pé ẹlòmíì nínú ẹgbẹ́ wa náà ní in lórúnkún. Ìbòrúnkún ẹgbẹ́ la máa ń wọ̀ kiri, inú àpótí kan náà la máa ń kó wọn sí pẹ̀lú òógùn lára wọn. Wọ́n ń nu máàtì, kò sẹ́ni tó ń fọ ìbòrúnkún. Ẹ̀yin kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àwọn nǹkan kéékèèké yìí. Ìbòrí etí náà, ẹ máa nù ún lẹ́yìn ìdánrawò kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Oníjàkadì

Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín.

Èmi ò mọ ìjàkadì, aṣọ ni mò ń fọ̀. Ọmọ mi máa ń dé láìwẹ̀, á sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo bá a wí títí. Ìgbà tí mo wá lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò ni mo rí i pé ilé ìwẹ̀ wọn kò ní ìlẹ̀kùn, kò ní ìkélé, ojú gbogbo ẹgbẹ́ ni ọmọ máa bọ́ra sí. Ọmọ ọdún 13 wo ló máa ṣe é? Àwa òbí sọ ọ́ títí wọ́n fi ta aṣọ sí i, látìgbà náà ni wọ́n ti ń wẹ̀ kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń sọ fáwọn ọmọ pé kí wọ́n wẹ̀ tọṣẹtọṣẹ gẹ́lẹ́ tí ìdánrawò bá parí, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tẹ́ ẹ ní kí wọ́n ti wẹ̀ ọ́.

Tówẹ̀lì, kálukú mú tirẹ̀. Aṣọ ìdánrawò kò gbọdọ̀ sùn sínú àpò, àpò náà pàápàá yẹ ní fífọ̀.

Nọ́ọ̀sì Awọ Ara

Kóòṣì, òótọ́ lẹ sọ nípa làpálàpá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀, ẹ má bínú. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru máàtì, ara sí ara ló ti wá. Ní 1989, níbi ìpàgọ́ ìjàkadì àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Minnesota, Amẹ́ríkà, 60 nínú oníjàkadì 175 ló ní herpes gladiatorum. Fáírọ́ọ̀sì HSV-1 ló ń fà á, èyí kan náà tó máa ń yọ egbò sí ètè. Orí, ojú àti ọrùn ni ìléròrò olómi rẹ̀ sábà máa ń jáde sí, níbi tí oníjàkadì méjì ti ń fara gbora jù. Ó lè wọ ẹyinjú kó sì bà á jẹ́, kì í sì í kúrò lára ẹni tó bá ti kó o. Mọ́ọ̀pù kan ò lè dá ìyẹn dúró. Ẹni tó bá yọ sí lára kò gbọdọ̀ gorí máàtì, bó ti wù kí máàtì mọ́ tó.

Nínú ìlànà NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá láwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ẹni tó ní làpálàpá ara gbọ́dọ̀ ti fi oògùn pa á fún wákàtí 72, ó kéré tán, kó tó lè jà. Torí aṣọ bò ó kọ́ ni kí a gbà á wọlé kó tó pé. Làpálàpá orí kò gbọ́ ìpara, oògùn mímu ló ń fẹ́, ó sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ohun kan tún wà tó ń bà mí nínú jẹ́. Àwọn ọmọ máa ń wá pẹ̀lú làpálàpá tí wọ́n ti fi ìpara onísítẹ́rọ́ọ̀dù pa. Ìyún á dín, pípọ́n á rọlẹ̀, wọ́n á rò pé ó ti ń san, nígbà tí ó ń tàn kálẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó bá fi dé ọ̀dọ̀ wa, òrùka tá a fi ń dá a mọ̀ ti parẹ́, yóò sì ṣòro láti mọ ohun tó jẹ́. Àwọn míì máa ń fi bílíìṣì ha egbò. Ẹ bá wa kìlọ̀ fún wọn, bílíìṣì kì í ṣe oògùn awọ ara.

Olùtọ́jú Gbọ̀ngàn

Bí ẹ ti dárúkọ bílíìṣì, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìwọ̀n kan bílíìṣì sí ìwọ̀n 100 omi ni mò ń lò nígbà gbogbo. Tí ẹ̀jẹ̀ bá kán sílẹ̀, a ó dá ìjà dúró, màá wọ ìbọ̀wọ́, màá kọ́kọ́ nu ẹ̀jẹ̀ náà kúrò, kí n tó da èyí tó lágbára sí i, ìwọ̀n kan sí 10, màá sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Èyí tí mo bá pò lónìí kì í dọ̀la, torí agbára rẹ̀ ń lọ. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ohunkóhun tó ní ammonia tàbí ásíìdì, èéfín rẹ̀ lè pa ènìyàn. Ó sì ń jẹ máàtì díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi yan apakòkòrò tí wọ́n ṣe fún máàtì gan-an.

Ibi tó bá ya, ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn lọ́jọ́ náà gan-an. Tí òógùn bá ti wọ fóòmù inú rẹ̀, kò sí ohun tó tún lè fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ má sì ká máàtì tó ṣì tutù.

Bàtà ló ń dá mi lágara jù. Wọ́n á fi bàtà ìjàkadì lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n á sì fi í padà sórí máàtì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

Kóòṣì Àwọn Ọ̀dọ́

Nọ́ọ̀sì wa, ẹ ṣeun, mo gbà. Àmọ́ ẹ̀rù ló ń mú àwọn ọmọ fi egbò pamọ́. Wọ́n mọ̀ pé tí wọ́n bá jẹ́wọ́, ẹlòmíì á gba ipò wọn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń yẹ awọ ara wò kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ ìdíje nìkan. Ọmọ tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi, ipò rẹ̀ ń dúró dè é títí dókítà yóò fi ní kó padà. Àwọn òbí kan bínú sí mi nítorí ọmọ tiwọn ló yẹ kó wọlé sí ipò náà. Mo ṣàlàyé fún wọn, mi ò sì yí i padà. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń wá bá mi kí n tó sọ pé kí wọ́n bọ́ ẹ̀wù.