Agbaṣẹ́ṣe gba owó, kò parí iṣẹ́, balùwẹ̀ sì ń jò: ṣé kí n san ìyókù ni?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá agbára mi.

Balùwẹ̀ òkè la fẹ́ tún ṣe: kí wọ́n yọ táìlì àtijọ́, kí wọ́n pààrọ̀ páìpù tó ti dípẹtà, kí wọ́n sì lẹ táìlì tuntun. Agbaṣẹ́ṣe wá wo ibẹ̀, ẹnu rẹ̀ dùn, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ni. Ó gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà pé òun fẹ́ lọ ra ohun èlò. Láti ìgbà yẹn, àwáwí ló kù. Lónìí ọkọ̀ òun bàjẹ́, lọ́la ara ọmọ òun kò yá, lọ́tùnla ẹni tó máa lẹ táìlì rìnrìn-àjò. Nígbà tí wọ́n sáré lẹ ẹ́ tán, a bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ níbẹ̀, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti àjà yàrá ìsàlẹ̀. Yàrá màmá mi ni. Àgbàlagbà tí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, orí ibùsùn rẹ̀ gan-an lomi ń kán sí. A ti gbé ibùsùn náà sí igun kan. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Mo pè é títí, kò gbé e. Nígbà tó padà pè mí, ó ní ẹ̀bi òun kọ́, pé àjà ló ti gbó tẹ́lẹ̀, àti pé tí mo bá san ìyókù owó, òun á wá fi sìmẹ́ńtì funfun dí àárín táìlì. Ṣé kí n san án kó lè wá, àbí kí n wá ẹlòmíràn? Báwo lẹ̀yin ṣe ń rí oníṣẹ́ tó ṣeé fọkàn tán?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí mi. Ti màmá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bójú tó. Tí gílóòbù tàbí wáyà iná bá wà lára àjà yẹn, ẹ pa iná yàrá náà láti ibi fíúsì, kí ẹnikẹ́ni má sì tàn án títí ibẹ̀ á fi gbẹ. Ní ti owó, ẹ má fi nǹkan kan kún un. Ẹni tẹ́ ẹ ti san èyí tó pọ̀ jù fún tí kò wá, ṣé ìgbà tẹ́ ẹ bá san án tán ló máa wá? Lójú tèmi, ẹ lé e lọ.

Púlọ́ńbà: Ẹ kú ìfaradà, Mà. Kí ẹnikẹ́ni tó fọ́ táìlì kankan, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tómi náà ti ń wá. Inú páìpù tó ń gbé omi wọlé kì í gbẹ, nítorí náà tó bá jẹ́ òun ló ń jò, kò ní dúró de ìgbà tẹ́nì kan bá wẹ̀. Tọ̀sán-tòru lá máa kán. Ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi inú ilé, kẹ́ ẹ wá wo mítà omi, tẹ́ ẹ bá ní. Tó bá ṣì ń yí, páìpù yẹn ni. Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá wẹ̀ nìkan ló ń kán, ẹ rọra da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tààrà sínú ihò tómi ń gbà jáde, ẹ má jẹ́ kó ta sílẹ̀. Bó bá kán, páìpù omi ìdọ̀tí ni, tàbí oríkèé rẹ̀. Bí kò bá kán, ilẹ̀ balùwẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, bíríkìlà ló ni ìyẹn. Ẹ bi ọkùnrin náà bóyá ó dán páìpù wò kó tó fi sìmẹ́ńtì bò ó.

Bàbá Bíríkìlà: Ọmọ mi, má jẹ́ kó tàn ọ́ pẹ̀lú sìmẹ́ńtì funfun. Omi máa ń gba àárín táìlì wọlé díẹ̀díẹ̀, bó ti wù kí wọ́n dí i tó. Ohun tó ń dá omi dúró ni ọ̀dà agbómidúró tí wọ́n ń fi kun ilẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé gun ara ògiri, kí wọ́n tó lẹ táìlì rárá. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, a máa ń dí ihò omi, a ó da omi sílẹ̀, a ó sàmì síbi tó dé lára ògiri, a ó sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Bí kò bá fà, tí ìsàlẹ̀ ò sì tutù, ìgbà yẹn ni ká tó máa sọ̀rọ̀ táìlì. Ilẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ síhà ihò omi, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 lórí mítà kan.

Mo fẹ́ sọ ohun kan nípa àwa oníṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń sá yìí kì í ṣe olè láti ilé wọn. Kò sówó lọ́wọ́ wọn, wọ́n á fi owó tìrẹ parí iṣẹ́ ẹlòmíràn, wọ́n á máa retí oníbàárà mìíràn kí wọ́n tó lè ra ohun èlò tìrẹ. Tí oníbàárà tuntun ò bá wá, wọn ò ní gbé ìpè rẹ mọ́. N kò gbè wọ́n o, ìwà burúkú ni. Ṣùgbọ́n tó o bá mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, wàá mọ bó o ṣe máa dá a dúró: fúnra rẹ sanwó fún ẹni tó ń ta ohun èlò, san owó iṣẹ́ ní ìpele-ìpele, kó o sì di nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mú títí o fi máa rí i pé kò jò.

Ìyá Ìbejì: Bàbá, oníṣẹ́ gidi náà ń gba àsansílẹ̀ kẹ̀.

Bàbá Bíríkìlà: Ó ń gbà á, kò sì burú. Iye tí ìpele àkọ́kọ́ máa jẹ ni kó jẹ́.

Àbíkẹ́yìn: Ẹ má tíì lé e lọ, Mà. Ẹ ya fọ́tò àjà, ilẹ̀ àti àmì omi kí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kàn án. Ẹ kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i, ẹ sọ ohun tó bàjẹ́ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ dá fún un. Tí kò bá wá, ẹ ní kí oníṣẹ́ méjì míì kọ iye tí àtúnṣe máa jẹ sílẹ̀. Bó bá dé iwájú adájọ́, ìpè orí fóònù ò ní gbè yín tó bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ ló máa gbè yín.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á ṣe tiyín náà. A ti pa iná yàrá náà. Mítà kò yí. Mo da omi sínú ihò, àjà kò kán. A wá da omi sórí ilẹ̀, kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Nígbà tí mo sì fi ìdí ọ̀bẹ kan àwọn táìlì, àwọn tó yí ihò omi ká ń dún bí ìgbá òfìfo.

Bàbá Bíríkìlà: Sìmẹ́ńtì ò dé abẹ́ wọn nìyẹn, omi ló sì ń dúró síbẹ̀. Ẹ má wẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ibi ihò omi ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí i. Bí wọn ò bá bá ọ̀dà agbómidúró kankan níbẹ̀, gbogbo ilẹ̀ yẹn ló máa di títúnṣe, ọmọ mi. Ó máa ń dunni, àmọ́ àbùlẹ̀ ò lè gbà á.

Ẹni tó béèrè: Mo ti gbọ́, Bàbá. Mo ti kọ̀wé sí i báyìí: kó wá ṣí ibi ihò omi lójú mi kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, àti pé n kò ní san ìyókù owó àyàfi tí omi bá dúró fún wákàtí 24 láìfà.